Òru Mẹ́fà ní Hòtẹ́ẹ̀lì, Òru Méjì lórí Ẹní: Ibi tí Ó Yẹ kí Àlejò Sùn ní Japan

Òru mẹ́jọ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lò ní ilẹ̀ Japan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí a lọ bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yọ̀ fún ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì kan ní ìlú Osaka. Òru mẹ́fà nínú rẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì ìgbàlódé kan nítòsí ibùdó rélùwéè ní Osaka la sùn sí. Òru méjì tó kù, ilé àlejò ìbílẹ̀ tí àwọn ará Japan ń pè ní ryokan la sùn sí, ní Kinosaki, ìlú kékeré kan ní àríwá ìpínlẹ̀ Hyogo tó lókìkí fún omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀. Láti ìgbà tí a ti padà dé, kò sí ẹni tó wá kí wa, ìbáà ṣe ní ilé mi ní Ìlọrin tàbí ní ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Òmù-Àrán, tí kò béèrè èwo ló dára jù nínú méjèèjì. Mo ti fi ẹnu dáhùn títí, ó wá yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé owó inú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe owó kékeré, àti nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí àwọn tó ti lọ ṣáájú sọ fún wa kò bá ẹni tó ń kírun mu, ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí, tí orúnkún sì ń dà láàmú.

Láti orí owó ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì gba 11,000 yen lọ́wọ́ wa fún yàrá kan ní òru kan, àwa méjèèjì la sì jọ wà nínú rẹ̀. Ryokan gba 22,000 yen, ṣùgbọ́n orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà, kì í ṣe yàrá, oúnjẹ alẹ́ àti ti àárọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣírò: wọ́n á rí iye kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rò pé ti yàrá ni, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sanwó ni wọ́n tó mọ̀ pé ó di ìlọ́po méjì. Òru mẹ́fà ní hòtẹ́ẹ̀lì jẹ́ 66,000 yen, òru méjì péré ní ryokan sì jẹ́ 88,000, láìka owó orí kékeré tí ìlú olómi gbígbóná máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 150 yen fún ẹnì kan lóòjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́ kí a san irú owó bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé kí ni òun fẹ́ fi ilé náà ṣe. Hòtẹ́ẹ̀lì jẹ́ ibi tí a ń sùn kí a lè jáde lọ rí ìlú. Ryokan fúnra rẹ̀ ni ohun tí a lọ rí. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n ń retí àlejò, aago mẹ́fà alẹ́ ni oúnjẹ, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ó fi yàrá sílẹ̀, gbogbo wákàtí tó wà láàárín rẹ̀ ni ó sì ń sanwó fún. Ẹni tó bá fi ọ̀sán rìn káàkiri Kyoto, tó wá wọlé sí ryokan ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tó sì jáde ní ìdájí láti lọ wọ ọkọ̀, owó rẹ̀ ti ṣòfò, nítorí wọn kì í dá oúnjẹ dúró dè é, wọn kì í sì í yọ owó oúnjẹ náà kúrò.

Irú hòtẹ́ẹ̀lì tí a sùn sí ni wọ́n ń pè ní hòtẹ́ẹ̀lì oníṣòwò, tí wọ́n kọ́ ní pàtàkì fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti ìlú kan lọ sí òmíràn nítorí iṣẹ́. Yàrá wa kò ju mítà mẹ́rin sí mẹ́rin lọ, bẹ́ẹ̀dì méjì sì ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí a bá ṣí àpótí kan sílẹ̀, èkejì gbọ́dọ̀ wà ní títì, ní òró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀ kí a má ṣe gba yàrá tí wọ́n bá kọ semi-double sí, nítorí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 120 lọ ló máa ń wà níbẹ̀, wọ́n sì ń tà á fún ènìyàn méjì. Àgbàlagbà méjì láti Kwara kò lè sùn dáadáa lórí rẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì wo ìwọ̀n yàrá ní mítà, kí ẹ tó sanwó. Ẹ má ṣe gbára lé àwòrán.

Yàtọ̀ sí híhá yìí, n kò rí àléébù kan tí mo lè kà sí i lọ́rùn. Ilé ìwẹ̀ inú yàrá náà dà bí àpótí oníke kan tí a gbé wọlé lódidi, ilẹ̀ rẹ̀, ògiri rẹ̀ àti ọpọ́n ìwẹ̀ rẹ̀ ní àlùpọ̀. Ọdún 1964 ni irú rẹ̀ di gbajúmọ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ Toto ṣe é fún Hotel New Otani ní Tokyo, kí ilé náà lè parí kí ìdíje Olympics tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ilé iṣẹ́ kan náà ló gbé ìjókòó ilé ìgbẹ́ tó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ènìyàn jáde lábẹ́ orúkọ Washlet ní 1980, ó sì ti wọ́pọ̀ báyìí débi pé a bá a ní hòtẹ́ẹ̀lì, a bá a ní ryokan, a sì bá a ní ibùdó rélùwéè. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀kan nínú ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn wa nípa ìrìn-àjò ilẹ̀ òkèèrè ni bí wọn yóò ṣe rí omi lò ní ilé ìgbẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi di bútà oníke kan láti ilé, kò sì ní ìdí kankan láti yọ ọ́ nínú àpótí títí a fi padà.

Ọ̀rọ̀ ìrun náà kò le. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé gábàsì ni a ń kọjú sí, ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè Haúsá, tó túmọ̀ sí ìlà-oòrùn. Ní Japan, ìwọ̀-oòrùn ni Mẹ́kà wà sí ẹni, ó sì yà díẹ̀ sí àríwá, nítorí náà ẹni tó bá fi àṣà ilé kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ ti kẹ́yìn sí kíbúlà. Fóònù la fi ń wá a. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, àlàfo tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri gba ẹní ìrun kan ṣoṣo, a sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Ní ryokan, gbogbo yàrá ni àyè ìrun, mo sì máa padà sórí èyí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa hòtẹ́ẹ̀lì náà ni pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ àkókò wa. A lè jáde ní ìdájí, kí a wọlé ní òru, kí a ra ìrẹsì tí wọ́n fi ẹja sí láàárín ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ tí kì í tì, kí a jẹ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí a sì sùn. Nígbà tí a ń lọ sí Kinosaki, wọ́n bá wa tọ́jú àwọn àpótí ńlá wa láìgba kọ́bọ̀, báàgì kékeré nìkan la gbé dání. Ohun kan tí ó yẹ kí ẹ rántí: iná ilé Japan kò ju fólítì 100 lọ, ihò méjì pẹlẹbẹ sì ni púlọ́ọ̀gì wọn ń wọ̀. Ṣájà fóònù tó bá kọ 100 sí 240 sára kò ní wàhálà bí ẹ bá ti ra ohun tí yóò so ó mọ́ ihò náà, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tí a gbé láti ilé kò ní gbóná tó aṣọ lọ̀.

Ó gbà wá ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ lórí ọkọ̀ ojú irin láti Osaka dé Kinosaki. Odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan la ìlú náà kọjá, igi wílò wà ní bèbè rẹ̀, ilé onígi sì tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìsẹ̀lẹ̀ 1925 àti iná tó tẹ̀lé e ló pa ìlú náà run, wọ́n sì tún un kọ́ pẹ̀lú igi bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò pọn dandan kí ohun tí a ń pè ní ìbílẹ̀ jẹ́ ohun tó ti pẹ́ bí ojú ṣe rí i. Àwọn kan wà tó pẹ́ lóòótọ́: Nishiyama Onsen Keiunkan ní ìpínlẹ̀ Yamanashi, tí ìtàn rẹ̀ sọ pé ọdún 705 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ni ìwé Guinness World Records kọ sílẹ̀ bíi hòtẹ́ẹ̀lì tó pẹ́ jù lágbàáyé.

A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó ń ṣàkóso ilé náà, tí wọ́n ń pè ní okami, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, bá wa dé yàrá, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀, ó sì tẹ orí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ padà fún un.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra o, orúnkún yín.”

Ó ní, “Jẹ́ kí n kúnlẹ̀, àbúrò mi. Ẹni tó kí mi báyìí, ṣé kí n dúró gbagidi máa wò ó?” Ó wá yíjú sí obìnrin náà, ó ní, “Ẹ dìde, ẹ dìde, Ọlọ́run á dá yín lọ́lá.” Obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èyí. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti kí wa bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti kúrò nílé, n kò sì lè fi owó díwọ̀n rẹ̀.

Ẹní tí wọ́n ń pè ní tatami ni mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò. Kì í ṣe ẹní tí a ń ká. Ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Pòròpórò ìrẹsì tí a tẹ̀ mọ́ra gírígírí ni inú rẹ̀ látijọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun mìíràn ni wọ́n sábà ń fi sí i báyìí. Koríko etí omi kan tí wọ́n ń pè ní igusa ni wọ́n hun bò ó lójú, ìpínlẹ̀ Kumamoto ni èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń gbìn ní Japan ti ń wá. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sì fi gbá a létí. Iye ẹní tó gba yàrá ni wọ́n fi ń sọ bí yàrá ṣe tóbi tó. Tiwa jẹ́ ẹní mẹ́jọ. Ìwọ̀n ẹní náà kò dọ́gba káàkiri: ti apá Kyoto sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 191, ti apá Tokyo sì jẹ́ 176, nítorí náà yàrá ẹní mẹ́jọ ní ibì kan lè tóbi ju yàrá ẹní mẹ́jọ ní ibòmíràn lọ. Ó ń ta sánsán bíi koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tí oòrùn ti pa díẹ̀. Bàtà kì í gun orí rẹ̀, sálúbàtà pàápàá kì í gùn ún, ilé ìgbẹ́ sì ní sálúbàtà tirẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ jáde síta. Nígbà tí mo ṣe àlùwàlá tán, tí mo tẹ́ ẹní ìrun mi lé orí tatami náà fún ìrun àsùbáà, tí ìmọ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú bébà ojú fèrèsé wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ṣe mí bí ẹni pé àwọn tó kọ́ ilé náà mọ̀ pé mo ń bọ̀.

Aṣọ kan wà tí wọ́n ń kó fún àlejò, yukata, tí a lè wọ̀ jẹun, kí a wọ̀ ọ́ rìn nínú ìlú, kí a sì wọ̀ ọ́ sùn. Ẹ̀gbọ́n mi fi apá ọ̀tún rẹ̀ bo ti òsì. Ọmọbìnrin tó gbé tíì wọlé fún wa rí i, ó gbé àwo sílẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó tú okùn rẹ̀, ó sì fi ti òsì bo ti ọ̀tún fún un. Òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún bí ẹ̀gbọ́n mi ti wọ̀ ọ́.

Oúnjẹ ni ibi tí mo ní ẹ̀sùn. Oṣù kan ṣáájú ni mo ti kọ̀wé sí ryokan náà pé Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, a kì í sì í mu ọtí. Wọ́n fèsì pé ó ti yé wọn. Ìgbà tí oúnjẹ alẹ́ dé, nínú àwo kéékèèké mẹ́sàn-án tí wọ́n tò síwájú wa bí ohun ọ̀ṣọ́, ife kékeré kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo gbóòórùn rẹ̀: ọtí èso ni. A pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, ó sì hàn pé mẹ́ta nínú àwo yòókù ni wọ́n fi ọtí ìrẹsì tàbí mirin, ọtí dídùn tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, sè. Lójú wọn, ọtí mímu ni a sọ pé a kì í mu. Ọtí inú ọbẹ̀ kì í ṣe ọtí. Wọ́n kó o kúrò pẹ̀lú ìtìjú púpọ̀, wọ́n fi iyọ̀ yan ẹja wá, alákàn tí wọ́n sè pẹ̀lú omi lásán sì dùn kọjá sísọ, nítorí àkókò rẹ̀ kò tíì tán. Ṣùgbọ́n iye kan náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, nígbà tó jẹ́ pé a kò lè jẹ mẹ́ta nínú àwọn àwo tí a sanwó fún. Èyí dùn mí, ó sì ṣì ń dùn mí. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé Mùsùlùmí ni yín kí ẹ dákẹ́. Ẹ kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan ní èdè Japan: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀rá rẹ̀, sake tí í ṣe ọtí ìrẹsì, mirin, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n lè se oúnjẹ láìfi wọ́n sí i. Ilé tó bá ní òun kò lè ṣe é ti ṣe yín lóore. Ẹ wá òmíràn.

Omi gbígbóná ni wọ́n ń torí ẹ̀ lọ sí Kinosaki. Ẹni tó bá ti dé Ìkógòsì ní Èkìtì á mọ bí ó ṣe ń rí kí omi gbóná láìsí igi lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Japan gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sábà máa ń tó ìwọ̀n 40 sí 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius nínú odò ìwẹ̀. Ilé ìwẹ̀ gbogboogbò méje ló wà ní ìlú náà, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ìwé ìwọlé ọ̀fẹ́ sì wà fún ẹni tó bá sùn sí ryokan. Ìhòòhò goloto ni gbogbo ènìyàn ń wọ inú rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jókòó lórí àpótí kékeré, tí wọ́n fi ọṣẹ wẹ ara wọn mọ́ tónítóní níta. A kò lè ṣe èyí, a kò sì fi ṣe àríyànjiyàn. Ohun tí a ṣe ni pé a gba ilé ìwẹ̀ ìdílé tó wà nínú ryokan náà, èyí tó ní kọ́kọ́rọ́, fún ìṣẹ́jú 45 ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè fún un nígbà tí ẹ bá ń gba yàrá sílẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ryokan ló ní in. Obìnrin tó bá ṣe làálì sọ́wọ́ àti ẹsẹ̀, kí ó béèrè tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀ ní Japan kì í gba ẹni tó fín ara láàyè, àlejò kò sì lè retí pé wọ́n á mọ làálì yàtọ̀ sí ara fínfín.

Ìgbà tí a ń jẹun ni wọ́n wá tẹ́ futon, tìmùtìmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ̀sán, sórí tatami. Mo sùn bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n mi kò sùn tó bẹ́ẹ̀: ìrọ̀rí tí wọ́n fi èèpo ọkà kan tí wọ́n ń pè ní soba kún le lábẹ́ orí rẹ̀, otútù oṣù Ẹrẹ́nà ń gba ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, dídìde láti ilẹ̀ ní òru sì gbà á ní ìṣẹ́jú kí orúnkún tó gbà. Ní òru kejì, mo béèrè fún futon méjì lé ara wọn, ó sì dára díẹ̀.

Lórí àwọn ilé yòókù, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló tó. Capsule, ihò onípósí tí ènìyàn kan ń rá wọ̀ sùn, Osaka ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí i ní 1979. Ọ̀dọ́ tó dá rìn, tí owó ń jẹ níyà, lè fi sùn mọ́jú, ṣùgbọ́n n kò ní mú òbí ẹni débẹ̀. Minshuku ni ilé tí ìdílé kan ń gbé tí wọ́n sì ń gba àlejò sí, ó rọjú ju ryokan lọ, ọwọ́ ara ẹni ni a sì sábà fi ń tẹ́ ibùsùn. Ilé àdáni tí wọ́n ń yá fún àlejò, èyí tí òfin fàyè gbà láti 2018 fún 180 ọjọ́ lọ́dún, ní ilé ìdáná. Bí ẹ bá kó ọmọ lọ, tí ẹ sì fẹ́ máa se oúnjẹ yín fúnra yín, òun ló yẹ kí ẹ wò.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, hòtẹ́ẹ̀lì oníṣòwò ni kí ó gbà fún gbogbo òru tó fẹ́ lò nínú ìlú ńlá, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án pé ryokan àárín Tokyo tàbí Osaka yóò fún un ní ohun tí mo ń sọ yìí. Kí ó fi owó tó bá ṣẹ́kù gba òru méjì ní ìlú olómi gbígbóná, kì í ṣe ẹyọ kan, nítorí òru àkọ́kọ́ ni ènìyàn fi ń kọ́ bí a ṣe ń gbé nínú ilé náà, èkejì ni ó ń gbádùn. Bí àgbàlagbà bá wà lára àwọn tó ń lọ, kí wọ́n wá yàrá tí àwọn ará Japan ń pè ní wayoshitsu, tó ní tatami ní apá kan àti bẹ́ẹ̀dì ní apá kejì. A kò mọ̀ pé ó wà. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ pé irú rẹ̀ ni òun yóò gbà nígbà tí ọmọ náà bá ń ṣe ìyàwó, pé òun á jókòó lórí ẹní, òun á kírun lórí ẹní, òun á sì gun bẹ́ẹ̀dì lọ sùn.